Ẹ Má Da Èyí Tí Kò Kú Nù

Ẹ̀yin ọmọ tó ń lọ síbi iṣẹ́ láàbù ni mo wá bá sọ̀rọ̀.

Ní láàbù kan tí mo ti ṣiṣẹ́, a máa ń da féèjì, ìyẹn fáírọ́ọ̀sì tó ń pa bakitéríà, sórí àwo. Bakitéríà á kú, ojú ibẹ̀ á mọ́. Tó bá di ọjọ́ kejì, díẹ̀ á tún hù láàárín ibi tó mọ́ yẹn. Ọ̀gá wa á ní, “Ẹ dà á nù, ẹ kọ ọ́ pé féèjì ṣiṣẹ́.” Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dòní. Èyí tó hù yẹn gan-an ni iṣẹ́!

Láti kojú féèjì, bakitéríà kan á pa awọ ara rẹ̀ dà kí féèjì má ríbi dì mú. Òmíràn á gé àbùdá féèjì wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Òmíràn á pa ara rẹ̀ kí féèjì má bàa ráyè bí sí i. Ní 2007, àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Danisco yẹ àwọn bakitéríà yógọ́ọ̀tì tó la ìkọlù féèjì já wò. Wọ́n rí i pé àwọn bakitéríà náà ti gé díẹ̀ lára àbùdá ọ̀tá pamọ́, bí ọlọ́pàá ṣe ń tọ́jú fọ́tò olè. Ọ̀nà ìdáàbòbò yẹn ni wọ́n ń pè ní CRISPR. Ká ní àwọn onímọ̀ náà da àwọn bakitéríà yẹn nù ńkọ́?

Ní 2016, Benjamin Chan àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yale kéde féèjì kan tí wọ́n rí nínú adágún Dodge Pond. Ibi tí bakitéríà Pseudomonas ń gbà tu oògùn dànù ló ń dì mú. Bí bakitéríà náà bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àfi kó pa ibẹ̀ tì, oògùn á sì tún lè pa á. Ẹ rí i pé ẹni tó ń wo èyí tí kò kú ló mọ oògùn tó kàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti láàbù nìkan: àwọn kòkòrò tí oògùn ò ràn pa mílíọ̀nù 1.27 ènìyàn lágbàáyé ní 2019. Ní ìwọ̀n iye ènìyàn, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló burú jù.

Ìwọ tí wọ́n ń rán lọ sí ọsibítù níbi tí o ò ti ní rí ẹlòmíràn bi, bí ọ̀gá bá ní kó o kọ “kò sí nǹkan” sórí ohun tí ojú rẹ rí, má kọ ọ́. Mú díẹ̀ lára èyí tó hù, kọ ọjọ́ àti orúkọ féèjì sára ìgò, kó o tọ́jú rẹ̀ sínú fìríìsà. Bí wọ́n bá tìtorí ẹ̀ dá ọ dúró níbi iṣẹ́, gbé ìwé àkọsílẹ̀ rẹ, kó o wá bá mi.