Ọjọ́ Wa Là Ń Tà: Bí A Ṣe Ń Fowó Lé Iṣẹ́ Gíláàsì Fífọ̀

A dúpẹ́ pé ẹ fún àwa tí à ń fọ gíláàsì láyè láti sọ̀rọ̀ lónìí. A ò ní pẹ́, torí a mọ̀ pé ọmọdé ni ẹlòmíì fi ìsọ̀ tì kó tó wá síbí.

Ẹ rántí bí iṣẹ́ yìí ṣe wọ àárín wa. Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni wọ́n ti ẹnu ibodè Sẹ̀mẹ̀, wọn ò sì ṣí i títí di oṣù kejìlá 2020. Ẹni tó ń ta ìrẹsì, ẹni tó ń ta aṣọ òkìrìkà, ẹni tó ń gbé ọjà wá láti Kútọnu, gbogbo wa la jókòó tí à ń wojú ara wa. Kí ọwọ́ má baà dilẹ̀, àwọn kan nínú wa gba iṣẹ́ ilé gbígbá àti gíláàsì fífọ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì, ní báńkì, ní ilé ìtajà. Ibodè ṣí, iṣẹ́ náà ò lọ. Nígbà tó tún di 29 oṣù karùn-ún 2023, tí ìjọba ní owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, tí lítà pẹtiróòlù tí kò tó ₦200 fò di ₦488 l'Ékòó láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ tún wá bá wa níbẹ̀, pàápàá àwọn ọmọ wa tó ti jáde ilé ìwé tí wọn ò rí nǹkan ṣe.

Iṣẹ́ ń bẹ, a ò lè purọ́. Nígbà tí àwọn òyìnbó oníwàásù parí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sí Marina níbí ní 1845, pákó ni fèrèsé ẹ̀. Lónìí, ẹni tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù oníyàrá kan ṣoṣo sí Àgbádárìgì, gíláàsì ló fẹ́ fi ṣe iwájú ẹ̀.

Ibi tí wahálà wà ni owó. Àwa obìnrin ọjà mọ bí a ṣe ń fowó lé ata. A mọ iye tí a ra apẹ̀rẹ̀, a mọ owó ọkọ̀, owó alábàárù, owó tíkẹ́ẹ̀tì, a mọ èyí tó máa rà nínú ẹ̀, lẹ́yìn náà la ó wá bu èrè lé e. Ẹnikẹ́ni ò lè fẹnu tàn wá jẹ nídìí ata. Àmọ́ tó bá di iṣẹ́ ọwọ́ wa, a ó kàn máa fẹnu dá iye. Máníjà á ní, "Mama, èló?" Ìyá á wo ojú ẹ̀, á ní ₦10,000. Òun á ní ₦6,000. Ìyá á ní kò burú, ó ṣáà sàn ju àìrí lọ. Ẹ̀yin ìyá wa, kò sàn jù ú o. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé.

Ọjà tí à ń tà nídìí iṣẹ́ yìí, ọṣẹ kọ́, omi kọ́. Ọjọ́ wa ni. Ata tí a ò tà lónìí, a lè sá a, ká lọ̀ ọ́ tó bá yá. Ọjọ́ tí a ò rí tà ti lọ nìyẹn, èyí tí a tà lọ́pọ̀ náà ti lọ. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká mọ̀ ni iye tí ọjọ́ kan jẹ́ lọ́wọ́ wa.

Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù keje 2024 ni ₦70,000. Ẹ pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ 26, kò tó ₦2,700 lójúmọ́. Ẹlòmíì á ní, ó tán, ₦2,700 là ń gbà. Rárá o. Ẹni tó ń gbowó oṣù, òjò rọ̀, wọ́n á san fún un. Ọdún dé, wọ́n á san. Àwa ńkọ́? Nínú ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀, tí a bá rí iṣẹ́ ọjọ́ 3, ká dúpẹ́. Ọjọ́ tí a ṣiṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ bọ́ èyí tí a ò ṣe. ₦2,700 lọ́nà méjì jẹ́ ₦5,400, a wá sọ ọ́ di ₦6,000 torí àìsàn. Ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ bá sì ń pa jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, iye tí ìsọ̀ ń pa ni kó fi ṣírò, torí ohun tó fi sílẹ̀ wá síbẹ̀ nìyẹn. Tí ìsọ̀ bá ń pa ₦8,000, kí ni ó ń wá lọ síbi iṣẹ́ ₦6,000?

Ìkejì, a kì í dá iye lórí fóònù. Ẹ lọ síbẹ̀, kí ẹ fojú ara yín rí i. Máníjà á ní fèrèsé 30 ni. Bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ló sọ, àmọ́ a kì í ka fèrèsé, ojú gíláàsì là ń kà. Fèrèsé sláídì kan ní gíláàsì 2, gíláàsì kọ̀ọ̀kan ní inú àti ìta, ìyẹn ojú 4. Fèrèsé 30 ti di ojú 120. Lúfà wá burú jù. Fèrèsé lúfà kan lè ní ewé gíláàsì 8 ní apá kan, 8 ní apá kejì. 16 nìyẹn, inú àti ìta jẹ́ 32. Ẹni tó bá fi iye fèrèsé sláídì gba ti lúfà, ilẹ̀ á ṣú u síbẹ̀. Bí ẹ ṣe ń kà, ẹ máa wo nẹ́ẹ̀tì tó gbọ́dọ̀ jáde, irin bọ́gílárì tí ọwọ́ ò gba inú ẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀dì tí ẹ ó sún kúrò. Ẹ bèèrè omi. Omi kànga ibòmíì létí òkun níbí ní iyọ̀, òmíì ní ìpẹtà, tó bá gbẹ lára gíláàsì, àmì funfun tàbí pupa ló máa kù. Tí omi wọn ò bá dáa, ẹ̀yin lẹ máa gbé omi lọ, owó sì ni.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí, torí òun ló mú kí gíláàsì tiwa yàtọ̀ sí ti Ìkẹjà. Afẹ́fẹ́ òkun ń gbé iyọ̀ wá. Iyọ̀ ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, yanrìn àti eruku á wá lẹ̀ mọ́ ọn, tí ọyẹ́ bá dé ó di ẹ̀ẹ̀mejì. Tí ẹ bá fi àkísà gbígbẹ nu irú gíláàsì bẹ́ẹ̀, yanrìn yẹn á fá a lára, oníǹkan á sì ní kí ẹ ra òmíràn. Omi lásán la kọ́kọ́ ń dà sí i kí ọṣẹ tó kàn án, lẹ́yìn náà ni irin ọlọ́wọ́ tó ní rọ́bà lẹ́nu, tí a fi ń fa omi kúrò. Nítorí náà, gíláàsì tí wọn ò fọ̀ láti bí oṣù 6, àkókò tó ń gbà lè jẹ́ ìlọ́po méjì ti èyí tí à ń fọ̀ lóṣooṣù. Iye ìfọ̀ àkọ́kọ́ lọ́tọ̀, iye oṣooṣù lọ́tọ̀. Ẹ sọ méjèèjì fún wọn lójú kan náà kí wọ́n má baà ní ẹ tàn wọ́n. Ilé tuntun tí sìmẹ́ǹtì àti ọ̀dà wà lára gíláàsì ẹ̀, iye tiẹ̀ tún lọ́tọ̀ pátápátá, torí abẹ la fi ń há a, ó rọrùn kó fara pa.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò òtẹ́ẹ̀lì ojú 120 yẹn, ká ní ó ti mọ́ díẹ̀. Àpẹẹrẹ ni o, ẹ má gbé e lọ bí iye ọjà. Ojú kan gba ìṣẹ́jú 4. 120 jẹ́ ìṣẹ́jú 480, wákàtí 8 fún ẹnì kan, wákàtí 4 fún ẹni méjì. Ẹ fi àlọ àti àbọ̀ kún un, àti ìdúró de ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́, ọjọ́ ti lọ. Ẹni méjì, ₦12,000. Ọkọ̀ àti kẹ̀kẹ́ tó gbé àkàbà, ₦4,000. Ọṣẹ àti omi, ₦1,500. Rọ́bà àti àkísà tó ń gbó, ₦1,000. Owó ìpè, ₦500. Àròpọ̀ ẹ̀ jẹ́ ₦19,000. Ìyẹn kò tíì ní èrè nínú. Ẹ fi ìdámárùn-ún lé e, ₦3,800, ó di ₦22,800, ẹ pè é ní ₦23,000. Ẹni tó gbà á ní ₦15,000, àpò ara ẹ̀ ló ti yọ ₦4,000, ẹni méjì á wá pín ₦8,000 fún odindi ọjọ́. Tó bá ṣe pé Agbára tàbí Okòkomáíkò ni iṣẹ́ wà, ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ láti 2009. Ẹ máa ka wákàtí tí ẹ lò lójú ọ̀nà mọ́ iṣẹ́.

Máníjà á ná an, iṣẹ́ tiẹ̀ nìyẹn. Tó bá ní ₦15,000 ló wà, ẹ má bá a jà, ẹ má sì kàn gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ ní, "Ọ̀gá, ₦15,000 á fọ ìta nìkan." Tó bá gé owó, ẹ gé iṣẹ́. Ẹ sì ṣọ́ra, ìdajì iṣẹ́ kì í ṣe ìdajì owó. Ìdajì ₦23,000 jẹ́ ₦11,500. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan náà lẹ wọ̀, ìpè kan náà lẹ pè. Ojú 60 á ná yín ní ₦6,000 fún ààbọ̀ ọjọ́ ẹni méjì, ₦4,000 ọkọ̀, ₦750 ọṣẹ, ₦500 rọ́bà, ₦500 ìpè: ₦11,750 láìsí èrè. ₦11,500 ti wọ gbèsè. ₦15,000 gbé e dáadáa.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ńkọ́? Gíláàsì tí ọwọ́ lè kàn láti inú yàrá, ẹ fọ̀ ọ́. Èyí tó jẹ́ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró sórí etí ògiri, tàbí kí wọ́n di àkàbà méjì pọ̀, a ò gbà á, iye tó wù kí wọ́n pè. Òfin Employee's Compensation Act ti 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san owó sí àpò NSITF kí òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ lè rí owó gbà. Òṣìṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ọmọ tí ẹ mú lọ fún ọjọ́ kan, orúkọ ẹ̀ kì í sábà sí nínú ìwé wọn. Tó bá já bọ́, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n máa gbé e wá. Kò sí ₦5,000 àlékún tó lè san ìyẹn.

Nípa gbígbowó, owó ọkọ̀ àti ti ọṣẹ, àsansílẹ̀ ni. Ìyókù, lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, kí ó wà lórí ìwé. Ẹ bèèrè ṣáájú bóyá wọ́n ń yọ owó orí kí wọ́n tó san, àwọn ilé iṣẹ́ kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì kan wà, a ò ní dárúkọ, a fọ̀ ọ́ lóṣù méjì, wọ́n ń ní akáńtáǹtì ò sí nílé. Oṣù kẹta, a ò lọ mọ́. A ò pariwo. Iyọ̀ òkun ló bá wa lọ sin gbèsè. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n rán ọ̀kadà wá pè wá, owó wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Àwọn kan ń sọ lẹ́yìn wa pé a ti gbówó lérí jù, àwọn sì ń lọ bá oníbàárà wa pé àwọn á gba ìdajì. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin lẹ máa bá wa dá sí èyí. A ò ní kí ẹgbẹ́ dá iye kan ṣoṣo fún gbogbo èèyàn, kò lè ṣeé ṣe, gíláàsì ò dọ́gba. Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹnikẹ́ni tó ń lọ gba iṣẹ́ kọ ìṣirò ẹ̀ sílẹ̀ kó tó lọ. Tó bá ṣírò tó sì rí i pé òun lè gbà á ní iye tó kéré sí tiwa, torí ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀ ni, tí kò wọ ọkọ̀, ó tọ́ sí i, kó máa gbà á. Èyí tó fẹnu lásán gé e, tó ń mú ọmọ ọlọ́mọ lọ ṣiṣẹ́ àṣegbé, ìyẹn la fẹ́ kí ẹ pè jókòó.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń ka ojú gíláàsì, kó dúró dè wá lẹ́yìn ìpàdé yìí. Ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí wa yìí la máa lò, a ti tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. Ẹ mú báírò àti ìwé kékeré dání.