Ẹ Jẹ́ Ká Pọn Omi Padà Sábẹ́ Ilẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa sọ níbi àpéjọ ẹgbẹ́)



Ẹ ò ní gbàgbé kànga ẹ̀yìn ilé ìdáná. Nígbà tiwa, kì í gbẹ. Nísinsìnyí, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, ẹrẹ̀ ni korobá ń gbé bọ̀. Ẹgbẹ́ sì ti ń dáwó bọ́hóòlù. Ó dáa. Ṣùgbọ́n àmù tí gbogbo ilé ń bu, tí ẹnikẹ́ni kì í pọnmi sí, ṣé kò ní gbẹ? Òjò ló ń pọnmi sábẹ́ ilẹ̀. Àwa sì ti fi páànù àti sìmẹ́ńtì bo ilẹ̀, òjò ń gba gọ́tà lọ.

Àwọn kan ti ń fọwọ́ ara wọn pọn ọ́n. Ní Orange County, ní California, wọ́n ń darí omi odò Santa Ana sínú adágún tí wọ́n gbẹ́, kí ó máa rin wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Láti 1976 ni wọ́n sì ti ń ti omi ìdọ̀tí tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ sínú kànga jíjìn, kí omi òkun má baà ya wọ inú omi dídùn. Wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ tó tóbi jù fún un ní 2008. Nígbà tó fi di 2023, ó lè fọ mílíọ̀nù 130 gálọ̀nù lójúmọ́.

Ẹ máa ní, owó Amẹ́ríkà nìyẹn. Ẹ wo Íńdíà: ní 2003, ìjọba Tamil Nadu sọ gbígba omi òjò orí òrùlé di dandan fún gbogbo ilé. Páìpù láti orí òrùlé, kòtò tí a da òkúta wẹ́wẹ́ àti iyanrìn sí, omi á sẹ́, á wọlẹ̀. Bí òjò sẹ̀ǹtímítà kan ṣoṣo bá rọ̀ sórí òrùlé tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 500, lítà 5,000 ni.

Àmọ́ o, kí kòtò náà jìnnà sí ṣáláńgá àti sọ́kàwéè. Ká sì jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ fọ òrùlé ná. Ìdọ̀tí tó bá wọ abẹ́ ilẹ̀ kì í ṣeé kó jáde bọ̀rọ̀.

Àbá mi nìyí: nínú owó bọ́hóòlù yẹn, ẹ jẹ́ ká yọ díẹ̀ fún páìpù àti kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn ńlá. Àwa mu níbẹ̀. Káwọn àbúrò wa náà rí mu.