Bí Ẹ́ńjìnnì Bàálù Bá Kú Lókè: Iṣẹ́ Awakọ̀, Iṣẹ́ Ará Ilẹ̀
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba ní Issaba, lórílẹ̀-èdè Benin



Ọ̀rọ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ: bàálù kékeré tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú lókè kì í já ṣòò wálẹ̀. Ìyẹ́ ló gbé e dúró. Ẹ́ńjìnnì kàn ń tì í síwájú ni. Bí awakọ̀ bá tẹ imú ọkọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kí eré má baà tán, afẹ́fẹ́ á ṣì máa gba ara ìyẹ́ kọjá, ọkọ̀ á sì máa rọra sọ̀ kalẹ̀. Bàálù kékeré bíi Cessna 172 tó wà ní 900 mítà lókè lè lọ tó kìlómítà 8 kó tó kanlẹ̀, bí ó bá ń sá nǹkan bíi kìlómítà 120 ní wákàtí kan. Ìṣẹ́jú mẹ́rin nìyẹn, inú rẹ̀ ni awakọ̀ yóò ti yan ibi tí yóò bà sí. Ẹni tó bá ń fa imú ọkọ̀ sókè nítorí ẹ̀rù ilẹ̀, ìyẹ́ á kọ̀ fún un, ìgbà yẹn gan-an ni ọkọ̀ ń já.

Kí ló ń pa ẹ́ńjìnnì? Nígbà mìíràn epo ló tán. Nígbà mìíràn omi ló wọ inú epo, ẹ̀yin tí ẹ ń ra epo kpayo lẹ́bàá ọ̀nà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé ìyẹn. Ìdí nìyí tí awakọ̀ fi máa ń gbọn díẹ̀ nínú epo ọkọ̀ sínú ife kékeré tó mọ́ gaara kó tó gbéra, tí á gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Àwọ̀ búlúù ni epo náà ní. Bí omi bá wà níbẹ̀, á jókòó sísàlẹ̀ láìní àwọ̀ kankan. Ìkẹta ya ni lẹ́nu: yìnyín lè dì nínú kàbúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, lọ́jọ́ tí ooru mú, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń gbabẹ̀ wọlé ń tutù gan-an, pàápàá bí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú rẹ̀ bíi ti ilẹ̀ wa yìí.

Irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2023, bàálù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Jabiru já sójú títì Oba Akran, ní Ikeja, l'Ékòó. Ìròyìn tó jáde ni pé agbára ẹ́ńjìnnì ló kọ̀. Àwọn méjì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì yọ àwọn méjèèjì láàyè. Ní New York, lọ́jọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2009, ẹyẹ pa ẹ́ńjìnnì méjèèjì ọkọ̀ ńlá Airbus, awakọ̀ rẹ̀, Sullenberger, bà á sórí odò Hudson, àwọn 155 tó wà nínú rẹ̀ kò sì kú.

Níbi tiwa ńkọ́? Oko ọ̀pẹ kò ṣe é bà sí. Ilẹ̀ amọ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí tún le: lẹ́ẹ̀rùn ó ń là, lójò ó ń di ẹrẹ̀ tí táyà á rì sí, ọkọ̀ á sì fojú délẹ̀. Oko àgbàdo tí wọ́n ti kórè lẹ́ẹ̀rùn sàn ju títì tó kún fún ènìyàn lọ.

Nítorí náà, bí bàálù bá já tàbí bà sí àdúgbò yín, ẹ pe panápaná ní 118 àti ọlọ́pàá ní 117. Ẹ má ṣe sáré lọ gbọn epo, ẹ má mu sìgá nítòsí, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn. Bí àwọn ènìyàn bá ṣì wà láàyè nínú ọkọ̀ tí iná kò sì tíì ràn, ẹ ràn wọ́n lọ́wọ́ láti jáde, kí ẹ sì kó wọn jìnnà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àfọ́kù ọkọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà: ibẹ̀ ni àwọn olùwádìí yóò ti rí ohun tó pa ẹ́ńjìnnì, kí irú rẹ̀ má baà pa ẹlòmíràn.