Ẹni tí Awọ Ara Rẹ̀ Kò Gbọ́ Tirẹ̀

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìtàn àròsọ, mo ní kí ó fún mi láyè kí n mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́: ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀dá-ìtàn tí ara wọn ń di nǹkan mìíràn, tí wọn kò sì lè ká a lọ́wọ́ kò.

N kò ní pẹ́ lórí oríkì. Ẹ mọ ẹ̀dá-ìtàn, ẹ mọ ìtàn àròsọ. Ìparadà ńkọ́? Ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú wa? Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta péré ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú fún mi. A ní “paradà”: ẹni náà fúnra rẹ̀ ló pa ara dà, òun ni olùwà, ara ni àbọ̀. A ní “sọ di”: ẹlòmíràn ló sọ ọ́ di ewúrẹ́, òun fúnra rẹ̀ ti wá di àbọ̀. A sì ní “di” lásán: Ọbà di odò. Gbólóhùn yẹn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni pé òun ló ṣe é. Ó dé bá a ni. Ẹ jẹ́ kí a máa lọ.

Ní ohun tó lé ní ogún ọdún sẹ́yìn, ní ìpàdé àwọn onímọ̀ kan, ẹnìkan tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí dìde, ó ní Yorùbá kò ní irú ẹ̀dá-ìtàn tí mo ń wí yìí. Ó ní àwọn òyìnbó ló ni ẹni tí òṣùpá ń sọ di ìkookò láìfẹ́. Ó ní tiwa kò rí bẹ́ẹ̀: ọdẹ tó bá fẹ́ di ìtí igi nígbà tí ẹranko ń bọ̀ wá bá a, ó mọ ohun tó lò, ó mọ ìgbà tí yóò padà; ó ní agbára ni ìparadà lọ́dọ̀ wa, ẹni tí kò bá ní agbára kò ní í paradà. Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́. Mo na ọwọ́ sókè láti fèsì, wọ́n ní àkókò ti tán. Láti ọjọ́ náà ni mo ti rí ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìwé àwọn mìíràn, tí wọ́n ń tún un sọ bí ẹni pé ó ti di òfin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò. Ó ń dùn mí, mi ò ní purọ́ fún yín.

Kí n má ṣe rẹ́ ẹ jẹ, ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tọ́ka sí àwọn ọdẹ inú ìwé Fágúnwà. Ó tọ́ka sí The Palm-Wine Drinkard, ìwé Amos Tutuola tó jáde ní 1952, àti akọni rẹ̀ tó ń pe ara rẹ̀ ní baba àwọn òrìṣà. Ọkùnrin yẹn di aláǹgbá kí ojú má baà rí i níbi tó ti ń ṣọ́ àwọn agbárí. Ó di ọkọ̀ ojú omi, ìyàwó rẹ̀ ń fi í kó èrò sọdá odò, wọ́n sì rí owó nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹ̀dá orí òkè ń lé wọn, ó sọ ìyàwó di ọmọlangidi onígi, òun náà di òkúta pẹlẹbẹ, ó ń ju ara rẹ̀ síwájú. Ohun tó bá wù ú ni ó ń dà, ó sì ń padà. Bí ìwé kan ṣoṣo bá tó láti fi mọ gbogbo ìran kan, ọ̀gbẹ́ni yẹn jàre.

Ṣùgbọ́n ọdún méjì péré lẹ́yìn ìyẹn, ní 1954, Tutuola kan náà mú My Life in the Bush of Ghosts jáde. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a dúró sí.

Olùkọ́ kékeré ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ẹ̀yìn ìwé náà ti ya, ẹni tó yá mi ti fi òwú rán an. Àwọn kan wà nínú wa lónìí tí wọ́n máa ń sọ pé àwọn kò lè ka Tutuola nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò gún. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín wí díẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló dé, ó ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ bàbà, ó ṣe ìránṣẹ́ nínú ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó, ibẹ̀ ló ti ń kọ̀wé. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, kí ló ń ṣòro nínú gbólóhùn rẹ̀ fún yín? Ohùn ìyá yín ló wà níbẹ̀. Ẹ padà lọ kà á.

Ọmọ ọdún méje ni ọmọ inú ìwé náà nígbà tí ogun akónilẹ́rú lé e wọ igbó àwọn iwin, níbi tí yóò ti lo ọdún mẹ́rìnlélógún. Iwin kan tó ń rùn mú un, ó jù ú sínú àpò, ó gbé e délé. Nígbà tó dé ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi oògùn rẹ̀ dán ọmọ náà wò. Ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ọ̀bọ, ó ní kí ó máa gun igi lọ ká èso wá fún òun. Ó sọ ọ́ di kìnnìún, ó sọ ọ́ di ẹṣin, ó sọ ọ́ di ràkúnmí, ó sọ ọ́ di màlúù oníwo, kí ó tó dá a padà sí bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà ó tún sọ ọ́ di ẹṣin, ó dì í ní gàárì, ó ń gùn ún kiri. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn? Sọ di, sọ di, sọ di. Àbọ̀ ni ọmọ náà.

Nígbà tó ṣe, ó jí oògùn náà, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Iwin ń lé e bọ̀. Ó lo oògùn náà fúnra rẹ̀, ó di màlúù, ó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń lé e. Ẹni tó ń sọ pé agbára ni ìparadà, ẹ wá wo agbára: ọmọdé tó gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, tó fi gba ara rẹ̀ là. Níbí, ó paradà, òun ni olùwà. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ padà di èèyàn, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọ̀nà àlọ ló jí, kò jí ọ̀nà àbọ̀.

Àwọn darandaran kan tí màlúù wọn ti sọnù rí i, wọ́n rò pé tiwọn ni, wọ́n dà á mọ́ agbo. Wọ́n gbé koríko fún un. Kò lè jẹ koríko, èèyàn ni. Ó ń fi ìṣe hàn wọ́n pé òun kì í ṣe màlúù, kò yé wọn, ẹgba ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ní ìkẹyìn obìnrin kan rà á láti fi rúbọ. Ní gbogbo àkókò yìí, “èmi” tó ń sọ ìtàn náà kò yẹ̀ rárá. Ó ń rò, ó ń ṣírò, ó ń bẹ̀rù, ó ń rántí ìyá rẹ̀. Ara nìkan ló ti lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo ka ibẹ̀, mo gba ẹ̀gbẹ́ kárà kọjá lọ́jọ́ ọjà màlúù. Ọ̀kan nínú wọn, funfun tó ní àmì pupa létí, kọjú sí ògiri, kò bá àwọn yòókù jẹun. Ọmọkùnrin tó ń tọ́jú wọn fi ọ̀pá gún un ní ìhà, ó mira, ó tún kọjú sí ògiri. Mo dúró síbẹ̀ títí ọmọ náà fi bi mí pé ṣé mo fẹ́ rà á ni. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un. Láti ìgbà náà, n kò lè gbọ́ “ìparadà” kí n rántí agbára nìkan.

Ohun tí mo ń sọ rèé, kí n wí i kedere. Ọmọ kan ṣoṣo la inú ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá: wọ́n sọ ọ́ di ẹṣin, ó paradà, ó di màlúù, ó wà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò lè ṣàkóso ìparadà rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀dá tó yàtọ̀ sí ẹni tó lè ṣàkóso rẹ̀. Ẹni kan náà ni wọ́n, ní ọjọ́ tí ọ̀nà àbọ̀ bá dí. Alátakò mi ka ìtàn dé ìdajì, ó pa ìwé dé, ó pe ìdajì náà ní àṣà wa.

Bí ẹ bá ní Gẹ̀ẹ́sì ni Tutuola fi kọ tirẹ̀, ó dáa. Ìyá-ìyá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan, òun ló sì kọ́kọ́ sọ ìtàn ọdẹ àti obìnrin ẹfọ̀n fún mi, èyí tí àwọn olórìṣà ń sọ nípa Ọya. Gbogbo yín mọ̀ ọ́n: ọdẹ wà lórí ẹ̀gùn, ó rí ẹfọ̀n tó bọ́ awọ rẹ̀, tó di arẹwà obìnrin, tó gba ọjà lọ. Ọdẹ gbé awọ náà, ó fi í pamọ́ sínú àká, ó fi ọ̀rọ̀ dídùn fẹ́ obìnrin náà. Ohun tí àwọn èèyàn kì í kíyè sí ni pé láti ọjọ́ tí awọ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè paradà mọ́. Ó bímọ níbẹ̀, ó ń gúnyán níbẹ̀, títí ìyáálé rẹ̀ fi bú u lójú pé ẹranko ni, pé awọ rẹ̀ wà nínú àká. Níbo ni agbára wà nínú èyí? Nínú awọ ni, awọ sì wà lọ́wọ́ ọkọ.

Nínú ìtàn bí ìyá-ìyá mi ṣe ń sọ ọ́, awọ náà ti gan nígbà tí obìnrin náà rí i, ó ti le bí pákó. Màmá á wá na etí ìró rẹ̀ sí wa, wọn á ní kí a dì í mú. Ìró òfì ni, ó wúwo. Wọn á ní, “Ẹ gbìyànjú kí ẹ wọ̀ ọ́.” Kò ní wọ̀. Wọn á ní obìnrin náà rẹ awọ sínú omi, ó jókòó tì í, ó ń tẹ̀ ẹ́ wò, ó ń retí kí ó rọ̀ kí ọkọ tó ti oko dé. Ẹni tó ń retí kí ara òun fúnra rẹ̀ gbà á wọlé. Ẹ wá sọ fún mi pé Yorùbá kò mọ̀ nípa èyí. Ìwo ẹfọ̀n tó fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà lójúbọ Ọya títí dòní.

Alága ti fi aago hàn mí lẹ́ẹ̀kan. N ó yára dé ọ̀dọ̀ àwọn ìran mìíràn tó ní irú ẹ̀dá-ìtàn yìí.

Apuleius, ọmọ Madauros, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Àlùjíríà báyìí, kọ ìtàn Lucius ní nǹkan bí 1,850 ọdún sẹ́yìn. Lucius fẹ́ di ẹyẹ, ìránṣẹ́bìnrin gbé ìpara tí kì í ṣe òun fún un, ó di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Òdòdó róòsì nìkan ló lè jẹ kó padà di èèyàn, ibi gbogbo tó bá sì ti rí i ni nǹkan ń dínà. Nígbà tí àwọn olè ń dà á lọ, ó fẹ́ ké pe orúkọ Késárì kí wọ́n gbà á. “Ó” nìkan ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ màlúù Tutuola, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá àkòrí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, Marie de France kọ ìtàn Bisclavret, ìjòyè tí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ kí wọ́n jí aṣọ rẹ̀ kó, tó fi wà ní ìkookò. Awọ nínú àká kọ́ nìyẹn?

Dókítà Jekyll tí Stevenson kọ ní 1886, ó paradà pẹ̀lú ìmọ̀ọ́mọ̀ṣe nígbà àkọ́kọ́, ó mu egbòogi, ó di Hyde. Nígbà tó yá, ó sùn ní Jekyll, ó jí ní òwúrọ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí aṣọ ìbùsùn: ọwọ́ onírun, ọwọ́ Hyde. Kò mu ohunkóhun. Paradà ti di “di”.

Hulk tí Stan Lee àti Jack Kirby gbé jáde ní 1962, tí àwọn ọmọ yín ń wò, ẹ̀ka igi yìí kan náà ni. N kò lè wọ ibẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ìwé Tutuola wà lórí tábìlì iwájú yìí, ẹ̀dà mẹ́fà ni mo gbé wá. Ẹ ka ibi tó ti di màlúù fún àwọn ọmọ, ẹ kà á sókè, kí ẹ sì ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá fún yín. Ẹ máa tẹ́tí sí ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n bá lò.