Ohùn Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fi Sọ̀rọ̀: Ìjà Àwọn Olólùfẹ́ Ìtàn Àròsọ

 

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Nígbà tí àwọn tó fẹ́ràn ìtàn bá ń bá ara wọn jà, ohùn tí ẹnikẹ́ni kò fi sọ̀rọ̀ ni wọ́n sábà máa ń bá jà. Ọ̀dọ́ kan á kọ ọ́ pé òun kò rí ohun tí àwọn èèyàn rí nínú fíìmù kan. Ẹlòmíràn á kà á lórí fóònù, á gbọ́ ẹ̀gàn níbẹ̀, á fi èébú dáhùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a kò sọ̀rọ̀ fíìmù mọ́, ó ti kan ìyá, ó ti kan bàbá. Àwọn kan ní fóònù ló fà á. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Nǹkan yìí ti wà láàárín wa kí fóònù alágbèéká tó dé.

Ní oṣù Keje ọdún 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá. Ó ní òun ti darúgbó, àìsàn ti dá òun dùbúlẹ̀, òun sì fẹ́ ròyìn bí òun ṣe bá ọ̀pọ̀ ọkùnrin lò pọ̀, kí àwọn ọmọbìnrin lè fi kọ́gbọ́n. Lẹ́tà náà ń jáde títí di oṣù Kẹta ọdún 1930. Kò sí Sẹ̀gilọlá kankan láyé. Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ló ń kọ ọ́, kò sì jẹ́ kí àwọn òǹkàwé mọ̀. Ó fi àdúgbò Èkó gidi àti orin tí ará Èkó mọ̀ sínú rẹ̀. Àwọn òǹkàwé kọ̀wé sí olóòtú, wọ́n jiyàn lórí obìnrin yìí, àní ẹnìkan fi owó ránṣẹ́ sí i.

Ẹ wo bí Thomas ṣe gbé e kalẹ̀. Bí Sẹ̀gilọlá ṣe ń sunkún pé òun ti ba ayé òun jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni inú rẹ̀ ń dùn bó ti ń ròyìn ẹwà rẹ̀ àti bó ṣe ń tan ọkùnrin jẹ. Ẹni tó bá gbọ́ ẹkún nìkan á ní ìwàásù ni. Ẹni tó bá gbọ́ ìdùnnú nìkan á ní ó ń kọ́ni ní ìṣekúṣe. Òǹkọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ fi méjèèjì síbẹ̀ ni. Ẹni tó mú ọ̀kan, tó wá ń pe ẹni tó mú èkejì ní òpònú, ti fi ìdajì ìtàn náà sílẹ̀ láìkà.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kejì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1952, Faber and Faber ní London tẹ The Palm-Wine Drinkard, ìwé Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń ṣe ìránṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba ní Èkó. Dylan Thomas, akéwì ará Wales, yìn ín nínú ìwé ìròyìn Observer. Ṣùgbọ́n ní 1954, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kan fi ìbínú kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn West Africa. Ọ̀kan ní kò yẹ kí wọ́n tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ rárá. Adéagbo Akínjógbìn, tó padà di ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ ìtàn ní Ifẹ̀, ní ìwé náà bá èròkerò tí àwọn òyìnbó ti ní nípa Áfíríkà mu, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀.

Ìwé kan náà ni gbogbo wọn kà. Àwọn ará London gbọ́ ẹni tó ń rọ́ àlá àrà ọ̀tọ̀. Àwọn tiwa gbọ́ ẹni tó ń tú àṣírí ilé fún àlejò. N kò ní dá wọn lẹ́bi. Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso ilẹ̀ wa nígbà náà, wọ́n sì mọ ẹni tó ń tẹ́tí sílẹ̀ lẹ́yìn ilé. Àmọ́ nítorí etí àlejò ni wọ́n ṣe ń bínú, ìtàn ni wọ́n fi ìbínú náà kàn. Ẹni tó ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tí Fágúnwà ọmọ Òkè-Igbó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí kọ ní 1938, mọ ọ̀nà tí Tutùọlá ń tọ̀. Ní ọdún 1977, nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ìbàdàn, òǹkọ̀wé Chinua Achebe ṣàlàyé pé ìtàn náà ń bá ẹni tó sọ fàájì di iṣẹ́ wí ni. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá lórí ìwé náà nígbà yẹn. Ìbáwí ti wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀; ariwo ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin ará Àkókó níbí mọ ìṣòro kí ọ̀rọ̀ kan náà dún lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní etí èèyàn méjì ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Ìkàrẹ́ kò jìnnà sí Ọ̀kà, síbẹ̀ ẹnu wọn kò rí bákan náà. Ẹ rìn díẹ̀ kúrò ní Ìkàrẹ́, ẹ ó dé Àrìgìdì, ẹ ó sì bá èdè mìíràn pátápátá níbẹ̀. Ní Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá, ọmọ Ọ̀yọ́ lè gbọ́ kí ọmọ Oǹdó tàbí ọmọ Èkìtì máa pe bàbá rẹ̀ ní “ìwọ”, kó ní wọn kò kọ́ ọ nílé. Bàbá tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ kò sì rí àrífín kankan níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó gbọ́n láàárín yín fi máa ń béèrè kó tó fa ọ̀rọ̀ yọ: “Kí lo ní lọ́kàn?” Ìbéèrè yìí ni àwọn tó ń jà lórí ìtàn kì í bi ara wọn.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín. Bí ọ̀rọ̀ ẹnìkan bá dùn ọ́, kọ́kọ́ kà á sókè bí ẹni pé ọ̀rẹ́ rẹ ló sọ ọ́. Bí èébú bá ṣì wà níbẹ̀, èébú ni lóòótọ́. Sọ fún un pé ó bú ọ, má fi ọ̀rọ̀ fíìmù bò ó. Bí kò bá sí, béèrè. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kí ẹ sì yẹ ọkàn yín wò: ṣé ìtàn ni ìjà yìí dá lé, àbí àwọn tí ẹ̀rù ń bà yín pé wọ́n ń gbọ́?

Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì máa ka ojú ìwé kan náà sókè ní kíláàsì, kí kálukú kà á bó ṣe gbọ́ ọ, kó sì tọ́ka sí gbólóhùn tó mú un gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá ti ṣe èyí léraléra á mọ̀ pé èèyàn olóye lè gbọ́ ohun tí òun kò gbọ́.

N kò sọ pé kí iyàn tán. Iyàn àwọn òǹkàwé wà lára ohun tó sọ Sẹ̀gilọlá di odindi ìwé ní 1930, ó sì wà lára ohun tí a fi ń rántí Tutùọlá dòní. Ẹ máa jà fún ìtàn tí ẹ fẹ́ràn, ẹ má tijú rárá. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnìkejì sọ gan-an ni kí ẹ máa dá lóhùn.