Ilẹ̀ Pẹ̀lú Ní Ìsinmi Tirẹ̀

Àwa tí a ti ilẹ̀ igbó wá sí Bolori, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, a ó wo pápá ẹ̀yìn ìlú, a ó sì wí pé ilẹ̀ ti kú. Kò kú. Ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ́r, aládùúgbò Borno, wọ́n ń gbẹ́ kòtò bí ààbọ̀ òṣùpá sí ilẹ̀ líle, kí omi òjò lè dúró. Wọn a gbin koríko síbẹ̀, wọn a sì dá ẹran dúró títí yóò fi so irúgbìn. Èyí gba sùúrù, nítorí ebi ń pa màlúù lónìí. Ṣùgbọ́n níbi tí koríko bá tán, ìjà àgbẹ̀ àti darandaran kò jìnnà. Nínú Ìwé Léfítíkù, orí 25, Ọlọ́run fún ilẹ̀ ní ìsinmi ní ọdún keje. Ǹjẹ́ kí àwa àlejò má ṣe fi ìsinmi náà du ilẹ̀ tí ó gbà wá.