Fọ́tò Tí Kò Lórúkọ

Wọ́n ní kí n sọ ohun tí mo rí nígbà tí mo lọ kẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta ní Jámánì.

Ká sọ òótọ́, fọ́tò ni mo ń yà ṣáá. Lópin ọ̀sẹ̀ kan, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Paris. Eiffel Tower tí wọ́n kọ́ parí ní 1889, mo yà á lọ́sàn-án, mo tún yà á lálẹ́.

Àmọ́ Berlin ló dá mi dúró. Ní òpópónà Bernauer, wọ́n fi apá kan sílẹ̀ lára ògiri tó pín ìlú yẹn sí méjì láti 1961 di 1989. Wọ́n to fọ́tò àwọn tó kú níbi ògiri náà síbẹ̀, tòun ti orúkọ wọn. Mi ò mọ ìkankan nínú wọn, síbẹ̀ mo ń pè wọ́n lórúkọ.

Nígbà tí mo délé, mo ṣí àpótí fọ́tò màmá àgbà. Mo bi bàbá mi pé, "Ta nìyí?" Wọ́n ní àwọn ò mọ̀. Màmá tó mọ̀ ti lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, kí Kérésì tó dé, kí ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan jókòó ti àgbà ilé rẹ̀, kó kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò, kó sì fi fóònù yà á tojú tẹ̀yìn ránṣẹ́ sí wa.

Àgbà ò ní tán nílùú wa o.